Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Tí Kò Kárí: Ìbéèrè Tí Ará Èkó Ń Bi Wá Léraléra Nípa Àjàkálẹ̀ Àrùn

Nígbàkígbà tí a bá gbé àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí ọjà Òyìngbò, Èbúté-Mẹ́ta tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń padà sórí Kòrónà: ta ló kọ́kọ́ rí abẹ́rẹ́ gbà, ta ni wọ́n fi sẹ́yìn, kí ló fà á. Àwọn ìbéèrè tó ń wáyé jù lọ nìyí. Mo tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dórí èyí tó ta kókó.

Kí lẹ̀ ń pè ní abẹ́rẹ́ tí kò kárí?

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń kọ́ ara bí yóò ṣe bá àrùn jà kí àrùn náà tó wọlé. Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá ń jà káàkiri ayé, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń wá abẹ́rẹ́ lásìkò kan náà, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ tó lè ṣe é kò pọ̀. Bí wọ́n ṣe pín ìwọ̀nba tó wà lọ́dún 2021 là ń sọ. Kì í ṣe ẹni tí àrùn lè tètè pa ni wọ́n fi síwájú. Ẹni tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ lówó ló wà níwájú.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2021, Tedros Adhanom Ghebreyesus, olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé, ka iye rẹ̀ jáde. Ó lé ní mílíọ̀nù 39 abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gún fún àwọn èèyàn ní orílẹ̀-èdè olówó bíi 49. Lọ́dọ̀ àwọn tó tòṣì jù láyé, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ló tíì rí gbà, ẹyọ 25 péré sì ni. Kì í ṣe ẹgbẹ̀rún 25 o, ẹyọ márùndínlọ́gbọ̀n ni.

Ìgbà wo ló dé Èkó? Ìgbà wo ló ti dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn?

Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n gún ìyá ẹni 90 ọdún kan, Margaret Keenan, ní Coventry ní Ìlú Ọba. Ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2021 ni Gánà gba ẹrù tirẹ̀, 600,000. Tiwa balẹ̀ sí Àbújá ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, mílíọ̀nù 3.94. Ọjọ́ 12 oṣù náà ni Èkó bẹ̀rẹ̀, ní ilé ìwòsàn àrùn àkóràn tó wà ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti tọ́jú ẹni àkọ́kọ́ tó kó Kòrónà wọ Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún 2020.

Oṣù mẹ́ta lè dà bí ẹni pé kò pẹ́. Ẹ wá wo iye. Ìpín Èkó nínú ẹrù àkọ́kọ́ jẹ́ 507,000. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà á, nítorí náà kò kọjá ẹni 253,500, ní ìpínlẹ̀ tí ìjọba rẹ̀ ń sọ pé èèyàn ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 20. Ẹnì kan nínú ọgọ́rin nìyẹn. Ká ní bọ́ọ̀sì BRT kún fọ́fọ́ láti CMS, tí àwọn kan jókòó, tí àwọn kan gbá irin mú lókè: nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ wà fún.

Ọ̀fẹ́ ṣáà ni wọ́n fún wa. Ṣé ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ ló yẹ kó máa ráhùn?

Mi ò kóyán ọrẹ náà kéré. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún abẹ́rẹ́ yẹn ní ilé ìwòsàn ìjọba, àwọn tó dáwó rẹ̀ sì ṣe dáadáa. Àsìkò ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó lónìí, tí wọ́n bá a gbé omi wá lọ́tùnla, wọ́n ṣoore lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni omi náà fẹ́ pa? Ní oṣù Kejì ọdún 2021, António Guterres, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ pé orílẹ̀-èdè mẹ́wàá péré ló ti lo ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà, nígbà tí orílẹ̀-èdè tó lé ní 130 kò tíì rí ẹyọ kan.

Àbúrò mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, ara rẹ̀ sì le koko. Ó ti gba ẹ̀ẹ̀kejì tán kí ìyá aláta kan tí mo mọ̀ ní Òyìngbò, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá fínra, tó rí ẹ̀ẹ̀kìíní gbà. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Kí ni COVAX? Kí ló dé tí kò fi ṣe é bó ṣe ṣèlérí?

Bí ẹ bá ti dá àjọ rí, ẹ ti mọ ìdajì ìdáhùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé, Gavi tó ń bá àwọn orílẹ̀-èdè tálákà ra abẹ́rẹ́ àti CEPI tó ń dáwó fún ìwádìí abẹ́rẹ́ tuntun dá ètò yìí sílẹ̀ pé kí gbogbo ayé dáwó jọ, kí wọ́n fi ẹnu kan ra abẹ́rẹ́, kí wọ́n sì pín in títí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò fi rí tó fún ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bu kún tirẹ̀. UNICEF ló ń bá wọn kó ẹrù náà kiri.

Ohun tó bàjẹ́ ni pé àwọn tí owó wọn pọ̀ jù nínú àjọ tún gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́, wọ́n sì ra tiwọn lọ́tọ̀. Kánádà nìkan ra iye tó lè tó àwọn èèyàn rẹ̀ ní ìlọ́po mélòó kan. Nígbà tí alájọ dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, wọ́n ti kó ọjà tán. Bílíọ̀nù méjì ni COVAX fẹ́ pín kí ọdún 2021 tó parí. Oṣù Kìíní ọdún 2022 ló tó pé bílíọ̀nù kan.

Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Títí wọ́n fi ti ètò náà ní ìparí ọdún 2023, ó kù díẹ̀ kó pé bílíọ̀nù méjì tí wọ́n pín fún ibi 146. Láìsí i, ta ló mọ ìgbà tí tiwa ì bá dé.

Kí ló dé tí Nàìjíríà ò fi owó ara rẹ̀ rà á?

Àwọn oníṣòwò Balógun mọ èyí ju dókítà lọ. Bí kọ̀ńténà aṣọ bá ń bọ̀ wá sí Àpápá, ẹni tó ti san owó sílẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra ló máa kọ́kọ́ yan ọjà. Ẹni tó gbé owó wá lẹ́yìn tí kọ̀ńténà ti ṣí, kódà bí owó rẹ̀ bá pé, á dúró.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni Ìlú Ọba ti bá AstraZeneca, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe abẹ́rẹ́, ṣàdéhùn fún mílíọ̀nù 100, tí Amẹ́ríkà sì ṣàdéhùn fún mílíọ̀nù 300. Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà máa ṣiṣẹ́. Owó tí wọ́n lè sọ nù ni wọ́n fi ta tẹ́tẹ́. Orílẹ̀-èdè tó ń yá owó san owó oṣù òṣìṣẹ́ kò lè ta irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ilẹ̀ Áfíríkà kò sì káwọ́ gbera. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, wọ́n para pọ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà láti ra mílíọ̀nù 220 abẹ́rẹ́ Johnson & Johnson, pẹ̀lú àyè láti fi mílíọ̀nù 180 kún un, báńkì Afreximbank sì dúró fún wọn pẹ̀lú bílíọ̀nù méjì dọ́là. Owó wà nílẹ̀, oníṣòwò ti fọwọ́ síwèé. Síbẹ̀, oṣù Kẹjọ ni ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé àìlówó nìkan ló fa gbogbo rẹ̀, ẹ rán an létí èyí.

Mo gba ẹ̀ẹ̀kìíní ní oṣù Kẹta. Kí ló dé tí ẹ̀ẹ̀kejì fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ilé iṣẹ́ kan ní Pune ní Íńdíà, Serum Institute, ló ṣe èyí tí COVAX kọ́kọ́ kó fún wa. Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2021, Kòrónà bẹ̀rẹ̀ sí í ru gùdù ní Íńdíà, ìjọba wọn sì dá abẹ́rẹ́ dúró pé kò gbọdọ̀ jáde nílùú mọ́. Níbí, wọ́n ní kí àwọn ìpínlẹ̀ má ṣe gún ẹni tuntun mọ́ tí wọ́n bá ti lo ìdajì, kí ìdajì yòókù lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì fún àwọn tó ti gba ẹ̀ẹ̀kìíní. Lẹ́yìn náà, ọ̀dá dé. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ni mílíọ̀nù mẹ́rin abẹ́rẹ́ Moderna tí Amẹ́ríkà fi ta wá lọ́rẹ tó dé.

Mi ò bá Íńdíà wí. Ta ni yóò máa bu omi fún aládùúgbò nígbà tí ọmọ tirẹ̀ ń gbẹ lóùngbẹ? Àìsàn ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wa kó ara lé.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n kó abẹ́rẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan dànù ní Àbújá?

Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2021, 1,066,214 abẹ́rẹ́ AstraZeneca tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ni wọ́n bà jẹ́ lójú gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà tún un tà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rí fídíò náà, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i, àwọn Nàìjíríà ò tiẹ̀ fẹ́ ẹ."

Ohun tí fídíò kò sọ ni iye ọjọ́ tó kù lára abẹ́rẹ́ náà nígbà tó dé. Àwọn ẹ̀bùn kan dé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré. Wọ́n fẹ́ já a sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, kí wọ́n ṣàyẹ̀wò rẹ̀, kí wọ́n pín in sí ìpínlẹ̀ 36, kó wọ ìjọba ìbílẹ̀, kó máa wà nínú yìnyín ní gbogbo ọ̀nà níbi tí iná kò dúró, kó tó wá dé apá èèyàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, àwọn àjọ Áfíríkà àti COVAX fẹnu kò sọ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ń dé lójijì tí ọjọ́ rẹ̀ sì kù díẹ̀, wọ́n ní kí ó má ṣe dín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá mọ́. Àwọn olówó pa á mọ́ sí yàrá títí ó fi kù díẹ̀ kó bà jẹ́, kí wọ́n tó rántí wa. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n àwa ni wọ́n gbé igbá yìí rù.

Ṣé kì í ṣe àwa fúnra wa la kọ̀ ọ́?

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ kọ̀ ọ́. Mo ti pàdé ẹni tó ní gílóòbù iná máa ń tàn lápá ẹni tó bá gbà á, àti ẹni tí àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp sọ fún pé yóò kú láàárín ọdún méjì. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí pa èèyàn, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n àìfọkàntán ní orísun. Ní Kano lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń pa àwọn ọmọdé, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọ, ẹjọ́ rẹ̀ sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Níbí ní Èkó, oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni àwọn èèyàn já wọ ilé ìkẹ́rù kan ní Mazamaza tí wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà nínú rẹ̀ jọ pelemọ. Ẹni tí ebi pa nígbà kónílé-ó-gbélé, tó rí ìyẹn, ẹ fẹ́ kó na apá sí abẹ́rẹ́ ní oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Nígbà tí ìlà gùn ní oṣù Kẹta àti Kẹrin ọdún 2021, abẹ́rẹ́ kò tó. A lé èèyàn padà sílé. Inú oṣù tí kò sí nǹkan kan yẹn ni àhesọ ti rí àyè gbèèrú. Nígbà tí àpótí kún, ọkàn ti kúrò níbẹ̀.

Ṣé ojúlówó ni èyí tí wọ́n fún wa? Kí ló dé tí Ìlú Ọba ò gba káàdì wa?

Ojúlówó ni. Covishield tí Íńdíà ṣe àti AstraZeneca tí Yúróòpù ṣe, ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi pò wọ́n, orúkọ ló yàtọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé àṣẹ ìrìnnà Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2021, Covishield kò sí nínú rẹ̀. Ìlú Ọba fi AstraZeneca ta wá lọ́rẹ ní oṣù Kẹjọ. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, òfin ìrìnnà wọn tuntun ka ẹni tó gbà á ní Nàìjíríà sí ẹni tí kò gba nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé wá ni o.

Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ni àwọn onímọ̀ Gúúsù Áfíríkà kéde irú Kòrónà tí wọ́n wá sọ ní Omicron. Wọ́n ṣe òtítọ́, wọ́n sì tètè ṣe é. Èrè wọn ni pé ayé ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, Ìlú Ọba kọ Nàìjíríà náà mọ́ wọn, ó sì tó ọjọ́ 15 kí wọ́n tó yọ wá.

Kí ló dé tí ilé iṣẹ́ mìíràn ò kàn ṣe é?

Òfin ìṣòwò àgbáyé ń fún ẹni tó ṣàwárí oògùn láṣẹ pé òun nìkan ni yóò máa ṣe é fún ogún ọdún, àfi tó bá gbà fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà bẹ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé pé kí wọ́n gbé àṣẹ náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí àjàkálẹ̀ àrùn yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó kọ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni Amẹ́ríkà gbà fún ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn yòókù ṣì ń fà á. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìpàdé wọn ní Geneva, lábẹ́ Ngozi Okonjo-Iweala tiwa, tó fẹnu kò lórí ìdá díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n béèrè. Nígbà yẹn, abẹ́rẹ́ ti pọ̀ ju ẹni tó ń wá a lọ.

Ká sòótọ́, ìwé àṣẹ nìkan kọ́ ni ìdènà. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fún èèyàn ní ìwé bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀, kò ní kó mọ ìgbà tí iyọ̀ tó. Ó yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì í kọ́ ọ, ilé iṣẹ́ díẹ̀ ló sì fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni. A ti rí irú rẹ̀ rí pẹ̀lú oògùn HIV. Láti ọdún 1996 ni àpapọ̀ oògùn tó ń dá ẹ̀mí sí ti wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ ga ju apá wa lọ. Ọdún 2001 ni ilé iṣẹ́ Cipla ti Íńdíà sọ pé òun lè tà á ní iye tí kò tó dọ́là kan lójúmọ́. Àwọn tó kú láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn èèyàn wa ni.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Yábàá rí. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ pọ́ńbélé. Láti ọdún 1940 ni ilé iṣẹ́ ìjọba ní Yábàá ti ń ṣe abẹ́rẹ́ ìgbóná, ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti ti dìgbòlugi. Àwọn òbí wa tó ní àpá abẹ́rẹ́ ìgbóná ní apá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní ìrìn ẹsẹ̀ sí Sábó ni wọ́n gún wọn. Ní ọdún 1991 ni wọ́n tì í pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Wọn ò ṣí i mọ́. Mo máa ń ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ tí wọn ò gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ ọ́.

Ní ọdún 2005, ìjọba àpapọ̀ àti May & Baker tó wà ní Ìkẹjà dá ilé iṣẹ́ Biovaccines sílẹ̀, ìjọba ní ìdá 49 nínú rẹ̀. Títí Kòrónà fi dé, kò sí abẹ́rẹ́ kankan tó jáde níbẹ̀. Nínú gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Áfíríkà ń lò, bíi ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ti òkèèrè wá. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní òun fẹ́ kí ìdá 60 di èyí tí a ń ṣe fúnra wa tí yóò bá fi di ọdún 2040. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n dárúkọ Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mRNA, irú bíi ti Moderna, láti ibùdó tó wà ní Cape Town.

Ṣé lóòótọ́ ni Áfíríkà ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n sì kó o lọ sí Yúróòpù?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dún 2021, ilé iṣẹ́ Aspen ní Gúúsù Áfíríkà ń rọ abẹ́rẹ́ Johnson & Johnson sínú ìgò, apá kan nínú rẹ̀ sì lọ sí Yúróòpù nígbà tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ti gba tiwọn. Ariwo ta kí wọ́n tó dá a dúró. Nígbà tí Aspen gba àṣẹ ní ọdún 2022 láti máa fi orúkọ ara rẹ̀ tà á fún Áfíríkà, kò rí ẹni rà á. Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ pé kíkọ́ ilé iṣẹ́ nìkan kò tó. Ìjọba tiwa gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé àwọn yóò ra ohun tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀.

Àwọn tó kú níbí kò tó tiwọn. Ṣé a tiẹ̀ nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wa, ìyẹn sì ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iye tí a kà kọ́ ni iye tó kú. Ẹni tó kú sílé ní Àjégúnlẹ̀, tí wọ́n sin lọ́jọ́ kejì, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

Àwọn onímọ̀ ní Imperial College London ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2022 pé abẹ́rẹ́ Kòrónà gba ẹ̀mí tó tó mílíọ̀nù 19.8 là ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù bá ti rí ìdá 20 tí COVAX ṣèlérí gbà, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ikú tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni ì bá má wáyé. Ikú nìkan sì kọ́. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 tí wọ́n ti Èkó pa, ẹni tó ń jẹ lójúmọ́ ló sanwó àrùn yìí jù.

Láàárín Èkó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó kárí?

Rárá. Wọ́n ní kí èèyàn kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òṣìṣẹ́ báńkì ní Marina ṣe é láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyá ẹlẹ́ja ní Mákòókò kò ní fóònù tó lè ṣí i. Ohun tí a fi ń fẹ̀sùn kan ayé, a ṣe é síra wa pẹ̀lú.

Kòrónà ti lọ. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ò tíì parí?

Láti ọdún 2017 ni mpox, àrùn tó ń mú ara sú, ti padà ń jà ní Nàìjíríà. Nígbà tó dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ọdún 2022, wọ́n rí abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbà láàárín oṣù díẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni tiwa dé, ẹ̀bùn Amẹ́ríkà, 10,000 péré. Ọdún méje.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí àdéhùn àjàkálẹ̀ àrùn ní Geneva. Ó ní kí àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ ya ìdá 20 sọ́tọ̀ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, kí ìdá 10 ó kéré tán jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìlànà bí wọn yóò ṣe máa ṣe é sílẹ̀ fún ìjíròrò mìíràn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà wà.

Kí ni èmi tí mò ń gbé Múṣin lè ṣe sí i?

Ẹ bi aṣòfin yín léèrè ohun tó wà nínú ìṣúná fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Gavi ló ń bá wa san apá kan owó abẹ́rẹ́ ọmọdé, àdéhùn náà sì ń parí lọ́dún 2028. Lẹ́yìn ìyẹn, àwa la máa san gbogbo rẹ̀.

Ẹ sì gba èyí tó wà nílẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni abẹ́rẹ́ HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Èkó fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un. Ẹ mú káàdì ọmọ dání wá sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín. Bó bá ti sọnù, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, wọ́n á wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ńlá.